Kẹ̀kẹ́ Gbàǹjo Lẹ́nubodè: Kí Ló Yẹ Ní Rírà Lówó Pọ́ọ́kú?

Kò sí ṣọ́ọ̀bù Aldi ní Kraké, ìlú ẹnubodè Benin, kò sì sí Lidl. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n kọ èdè Jámánì tàbí èdè Holland sí lára kì í ṣe àlejò létí títì tó ti Kútọnu wá sí Èkó, níbi tí ilẹ̀ Benin ti pàdé ilẹ̀ Nàìjíríà. Apá kan nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, àti àṣíborí, iná, páǹpù àti àgádágodo tó ń bá a rìn, ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní Yúróòpù kó tó di tòkúnbọ̀. Ìbéèrè tó ń kọ ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ lóminú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí ní Bàdágìrì kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù: èwo nínú ọjà pọ́ọ́kú yìí ló tó owó rẹ̀, èwo ló máa gba owó lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀mejì?

Orísun ọjà náà ló yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Karl àti Theo Albrecht, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló gba ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn ní ìlú Essen ní Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Aldi. Ọgbọ́n wọn kò le: kí oríṣi ọjà má pọ̀, kí iye rẹ̀ sì wálẹ̀ débi tí aládùúgbò kò ti ní lè bá wọn dù ú. Lidl ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ludwigshafen lọ́dún 1973. Aldi wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1990, Lidl tẹ̀ lé e lọ́dún 1994, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá níbẹ̀ sì ti sọ wọ́n di ibi ìrajà ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà ní pàtàkì. Àmọ́ láàárín ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń pàtẹ ọjà tó ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí: ọ̀sẹ̀ yìí irinṣẹ́ oko, ọ̀sẹ̀ mìíràn aṣọ òtútù. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́ máa ń jáde, àṣíborí, ìbọ̀wọ́, iná, páǹpù, ṣòkòtò tí wọ́n fi tìmùtìmù sí nídìí, nígbà mìíràn kẹ̀kẹ́ odidi. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tó mú ọjà náà pọ́ọ́kú ni pé wọ́n ń ra oríṣi kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń fi orúkọ tiwọn sí i. Crivit ni orúkọ tí Lidl ń lò, Crane ni ti Aldi. Kò sí atúnkẹ̀kẹ́ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó máa sọ fún oníbàárà pé àṣíborí yìí kò bá orí rẹ̀ mu. Oníbàárà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń wálẹ̀.

Síbẹ̀, òfin dúró lẹ́yìn ọjà náà, kókó tó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rù ohun pọ́ọ́kú mọ̀ nìyẹn. Àṣíborí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ń tà ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ bá ìlànà tí wọ́n ń pè ní EN 1078 mu. Nínú ìdánwò náà, wọ́n máa ń fi àṣíborí dé orí àtọwọ́dá kan, wọ́n á sì jẹ́ kó já lu irin pẹlẹbẹ ní eré mítà 5.42 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn náà ní eré 4.57 lu irin tí wọ́n ṣe bí etí gọ́tà títì. Agbára tó bá dé inú orí náà kò gbọ̀dọ̀ kọjá ìlọ́po 250 agbára òòfà ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí euro 20, ìyẹn sẹ̀fá tó lé díẹ̀ ní 13,000, ìdánwò yìí náà ni yóò ṣe, gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà ní euro 200. Èyí olówó gọbọi lè fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ lè máa wọ inú rẹ̀ dáadáa, ó sì lè rẹwà lójú. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) tún fún oníbàárà ní ọdún 2 láti dá ọjà tó lábùkù padà. Fún ẹni tó ń rajà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Berlin, àríyànjiyàn lórí àṣíborí pọ́ọ́kú yẹ kó parí síbẹ̀: kó rà á, kó sì rí i pé ó bá òun mu.

Nígbà tí ọjà kan náà bá gba orí òkun dé Kútọnu, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọ̀nà tó gbà dé kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu kì í sábà dá wá. Ẹni tó sanwó kọ̀ntínà kò ní jẹ́ kí àyè kankan ṣòfò, nítorí náà wọ́n á ki firíìjì, mátírẹ́ẹ̀sì, táyà àti kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ àti sí gbogbo kọ̀rọ̀. Aṣọ àlòkù ní ọjà tirẹ̀ ní Missèbo, inú Kútọnu kan náà. Láti ibẹ̀ ni ọjà ti ń fọ́n ká, sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, sí Adjarra, sí Kraké, a sì máa gba ẹnubodè kọjá. Nínú ìrìn àjò yìí, ìwé ẹ̀rí ti já bọ́, ẹni tó tà á ní àkọ́kọ́ kò sí nítòsí mọ́, ọdún 2 tí òfin fún oníbàárà kò kan ẹni tó rà á létí títì. Ojú àti ọwọ́ oníbàárà nìkan ló kù.

Epo wà lára ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn ará ẹnubodè gbọ̀ngbọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kpayo, epo Nàìjíríà tó ń gba fàyàwọ́ kọjá tí wọ́n sì ń pàtẹ sínú ìgò létí títì, ló mú kí owó zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò ti Benin, rọrùn. Ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye kpayo sì fò sókè ní Benin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ wá rí ìdí láti ro ti kẹ̀kẹ́. Kì í kúkú ṣe àṣà tuntun ní agbègbè náà. Kí alùpùpù tó gba títì, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé èrò àti ẹrù ní agbègbè Àjàṣẹ́, taxi-kanna ni wọ́n ń pè é, òun ló sì la ọ̀nà fún zémidjan. Ilẹ̀ náà tẹ́ rẹrẹ láàárín òkun àti ọ̀sà. Kò sí òkè tó máa mú ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ mí hẹlẹ.

Àṣíborí tòkúnbọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká sọ ojú abẹ níkòó nípa rẹ̀: kí oníbàárà má rà á. Fóòmù funfun tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba ìfarapa dípò agbárí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè ṣe é. Bí ó bá ti gba ìgbájú kan, á fún pọ̀, kò ní wú padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èèpo òde rẹ̀ lè máa dán gbinrin bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, CPSC, gba àwọn ènìyàn níyànjú láti pààrọ̀ àṣíborí láàárín ọdún 5 sí 10, kódà bí kò bá tí ì jábọ́ rí. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà mìíràn, kó yọ aṣọ tínínrín inú rẹ̀, kó gbé fóòmù náà sójú oòrùn, kó sì fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo etí rẹ̀ yí ká. Bí ó bá rí ìlà tó là bí irun orí, tàbí ibì kan tó rọ̀ ju ibòmíràn lọ, kó dá a padà. Bébà kékeré inú rẹ̀ máa ń ní EN 1078 àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí bébà náà kò bá sí mọ́, tàbí bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kun òde rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Lọ́dún 2016, Jake Olivier àti Prudence Creighton ti yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà kó ìwádìí 40 jọ, tó kan àwọn awakẹ̀kẹ́ tó fara pa tó lé ní 64,000. Wọ́n rí i pé lílo àṣíborí bá ìdínkù bí ìdá 69 nínú 100 rìn nínú ewu ìfarapa orí tó le. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi bárẹ́lì ránṣẹ́ sílé, àṣíborí tuntun láti irú ṣọ́ọ̀bù pọ́ọ́kú yìí ni kó bẹ̀ ẹ́ fún ṣáájú ohun mìíràn. Kó fi téèpù yí orí rẹ̀ ká lókè ìpéǹpéjú, kó sì fi iye sẹ̀ǹtímítà náà ránṣẹ́. 54 sí 58 wọ́pọ̀ lára nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni ibi tí owó pọ́ọ́kú ti ń di gọbọi, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í wò. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀, Raleigh ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí Ṣáínà ṣe ní àfarawé rẹ̀ bíi Phoenix àti Flying Pigeon, táyà 28 × 1½ ni wọ́n ń lò. Rímù irú èyí fẹ̀ tó mìlímítà 635 níbi tí táyà ń jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ ìlú tó ń ti Holland tàbí Jámánì bọ̀ náà ń jẹ́ 28, ṣùgbọ́n mìlímítà 622 ni rímù tirẹ̀. Orúkọ kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ mìlímítà 13 yìí tó láti mú kí táyà 635 máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí rímù 622. Táyà 622 kò sì ní gun rímù 635, bí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tilẹ̀ fi gbogbo agbára ọwọ́ rẹ̀ fà á.

Ohun tó máa gba oníbàárà ni nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, tí eruku sábà máa ń bò. Yóò rí nǹkan bíi 37-622, tàbí 40-635. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà, èkejì ni ti rímù, ti èkejì yìí ló sì ṣe pàtàkì jù. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ń pè ní 26, 559 ni tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó jẹ́ 26 × 1⅜ ní 590, òun náà sì ń jẹ́ 26! Ẹni tó gbọ́n máa ń fi ìka nu eruku náà, á ka nọ́ńbà, á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta táyà láti béèrè bóyá ó ní irú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó padà wá ná kẹ̀kẹ́. Túùbù ní tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń fẹ̀: ọ̀pọ̀ túùbù 28 ló máa gba 622 àti 635.

Ẹnu túùbù, níbi tí wọ́n ti ń fọn afẹ́fẹ́ sí i, tún ní oríṣi mẹ́ta. Èyí tó dà bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló dára jù fún ẹni tó ń gbé Kraké, nítorí pé ẹ̀rọ fọkanáísà èyíkéyìí létí títì á mú un. Èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ Holland ní páǹpù tirẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wà lára kẹ̀kẹ́ ìdíje, ìdè bàbà kékeré kan ni wọ́n ń dè mọ́ ọn kí ẹ̀rọ fọkanáísà tó lè gbà á. Ìdè yìí kéré ju èékánná lọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì yẹ kó wà nínú àpò gbogbo ẹni tó gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Yanrìn etí òkun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: táyà tínínrín ti kẹ̀kẹ́ ìdíje, mìlímítà 23 tàbí 25, á rì sínú rẹ̀ ní kété tó bá kúrò lórí ọ̀dà. Mìlímítà 37 sókè ló yẹ ọ̀nà àárín ilé.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, yanrìn ń jẹ ṣéènì. Nítorí èyí, kẹ̀kẹ́ tí gíà rẹ̀ fara hàn síta, tó ní ìpele 21 tàbí 24 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára rẹ̀, kì í ṣe èyí tó sàn jù fún agbègbè náà, bó ti wù kó wuni tó. Kẹ̀kẹ́ Jámánì tàbí Holland tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí sẹ́yìn kó tó dúró ló yẹ kí wọ́n wá. Bíréèkì náà wà nínú ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, iyanrìn kò rí i, kò sí wáyà tó máa dípẹtà; ilé iṣẹ́ Fichtel & Sachs ní ìlú Schweinfurt ló gbé irú rẹ̀, tí wọ́n pè ní Torpedo, jáde lọ́dún 1903. Kó ṣáà ní bíréèkì ọlọ́wọ́ níwájú pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ tí ṣéènì bá já.

Rúlà lásán ló tó láti fi yẹ ṣéènì wò. Kí ènìyàn fi òdo rúlà lé àárín ìṣó kékeré kan, kó sì wo ibi ínṣì 12. Bí ṣéènì bá ṣì dára, àárín ìṣó mìíràn á bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 16 ínṣì kọjá, ṣéènì ti gbó. Bí ó bá tó ìdá kan nínú 8, eyín irin tó ń yí i náà ti jẹ, owó méjì ni oníbàárà máa san. Èyí ni irú ohun tí ènìyàn ń fi ná ọjà, ẹni tó ń tà á kò sì ní lè jiyàn pẹ̀lú rúlà. Kí ó tún wo irin kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀: èyí tó jẹ́ irin lásán, wẹ́dà àdúgbò lè jó o, èyí tó jẹ́ alumíníọ́mù, ọ̀pá ìjórin tí wẹ́dà ń fi jó geeti kò ní mú un.

Kẹ̀kẹ́ odidi tuntun láti súpámákẹ́ẹ̀tì Yúróòpù ni ohun tó yẹ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gan-an ṣọ́ra fún. Nígbà tí owó bá kéré, tí wọ́n sì fi sípíríǹgì síwájú, sípíríǹgì sẹ́yìn, àti bíréèkì onírin pẹlẹbẹ tó ń yí sí i, wọ́n ti gé owó níbòmíràn, nínú bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti nínú béárì, níbi tí ojú kò tó. Kẹ̀kẹ́ tó rọrùn, tí kò ní ọ̀ṣọ́, máa ń ṣe ju èyí lọ ní iye kan náà.

Ní ti iná, tòkúnbọ̀ lè jẹ́ èrè ńlá. Títí di ọdún 2013, òfin Jámánì ní kí kẹ̀kẹ́ ní dáínámò. Láti ìgbà náà ni iná oníbàtìrì ti rí ààyè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti ibẹ̀ wá fi ní dáínámò tó ń mú fóltì 6 àti wáàtì 3 wá, àwọn kan nínú ìdí ẹsẹ̀ iwájú gan-an. Ẹni tó ń padà sílé láti ọjà lálẹ́ ní ọ̀nà tí iná ọba kò sí kò ní ra bàtìrì mọ́. Kó gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, kó fi ọwọ́ yí i kó tó sanwó. Bí iná bá tàn, owó rẹ̀ kò ṣègbé. Iná tó bá ní àmì K pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gba àyẹ̀wò ìjọba Jámánì. Iná pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi wáyà fóònù gba iná sí náà wúlò, bí omi òjò kò bá lè wọ ẹnu rẹ̀.

Páǹpù, kọ́kọ́rọ́ ìtúbóòtù, gààdì, ìbọ̀wọ́, aṣọ: kí oníbàárà rà wọ́n níbi tí owó bá ti kéré jù. Àbùkù wọn kì í fara pamọ́, wọn kì í sì í pa ènìyàn. Àgádágodo ló yàtọ̀. Okùn wáyà tínínrín tí wọ́n fi rọ́bà bò, ìgbà tí olè bá fi píláyà gé e, ìṣẹ́jú kan kò pé.

Ẹni tó bá fẹ́ kó irú ọjà yìí kọjá ní Kraké gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnubodè ní òfin tirẹ̀. Buhari àti Talon, ààrẹ Nàìjíríà àti ti Benin nígbà náà, ló jọ ṣí ilé àṣọ́bodè àjùmọ̀lò Sẹ̀mẹ̀-Kraké ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, kí ẹrù àti èrò lè máa kọjá wọ́ọ́rọ́. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kó tó tún ṣí i. Ẹrù tí wọ́n bá ṣe nínú ECOWAS lè kọjá láìsan owó ẹnubodè. Kẹ̀kẹ́ Jámánì kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́ tó ní Kútọnu. Aṣọ àlòkù sì wà lára ohun tí Nàìjíríà fòfin dè, nítorí náà ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà ní Missèbo lọ́nà tó tọ́ di ẹrù tí òfin dè ní kété tó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà ní Sẹ̀mẹ̀. Iye náírà tún já wálẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ ni sẹ̀fá so mọ́ euro ní 655.957. Ẹni tó ń fi náírà ra kẹ̀kẹ́ ní Benin ń san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Lẹ́yìn ríra, àtúnṣe ló kù. Ní Gánà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Village Bicycle Project, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1999. Kẹ̀kẹ́ àlòkù láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ń kó wá, ṣùgbọ́n wọn kì í tà á lásán: wọ́n ń kọ́ ẹni tó rà á bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì ń ta irinṣẹ́ fún àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní iye tó rọrùn. Wọ́n rí ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Láti Kútọnu dé Bàdágìrì, àǹfààní kan náà ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò tó bá mọ ohun tó ń ṣe. Páálí táyà 37-622 mélòó kan, túùbù 28 ẹlẹ́nu ọkọ̀, wáyà bíréèkì, ṣéènì tuntun àti àpò kékeré ìdè bàbà, gbogbo rẹ̀ kò ní gbà ju igun ṣọ́ọ̀bù kan lọ ní Ouando tàbí ní Kraké. Kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò kọ̀ntínà odidi, kẹ̀kẹ́ tó máa lò wọ́n sì ti wà nílẹ̀.